Orúkọ wo ló yẹ kíka ọkọ̀ apẹja ní èbúté?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Àbúrò wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó fẹ́ kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn apẹja etíkun Ìlàjẹ, kí wọ́n lè mọ ìdí tí ìjọba fi ń ka ọkọ̀ wọn àti ohun tí wọ́n ń fi iye náà ṣe. Ó wá ń wá orúkọ fún “frame survey” (kíka gbogbo ọkọ̀ àti irinṣẹ́ apẹja), “fleet” (àpapọ̀ ọkọ̀ apẹja) àti “small-scale” (ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja). Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́rẹ́ dá a lóhùn pé kó pè wọ́n ní ìwádìí férémù, ọ̀wọ́ ọkọ̀ àti apẹja kéékèèké. Ẹlòmíràn tún béèrè pé kí ló kan ará Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ òkun.

Ó kàn wá. Ìpínlẹ̀ Òǹdó kan náà ni àwa àti Ìlàjẹ jọ wà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí wọ́n yọ Èkìtì sọ́tọ̀. Àwọn apẹja wà lórí omi dáàmù tiwa náà, orúkọ tí a bá sì fọwọ́ sí níbí ni wọn yóò máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìwádìí férémù ṣáájú, nítorí òun ló ká mi lára jù. Bí ẹ bá sọ férémù létí apẹja, igi tí wọ́n fi há fọ́tò ló máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Akọ̀wé á máa lọ láti èbúté dé èbúté, á ka gbogbo ọkọ̀ tó bá níbẹ̀, kò ní mú díẹ̀ wò nínú wọn. Á kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tù ú tàbí ẹ̀rọ ló ń gbé e, ènìyàn mélòó ló ń bá a ròkun, irú àwọ̀n tí wọ́n ń lò àti bí ojú àwọ̀n náà ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́yìn èyí ni wíwọ̀n ẹja tó kàn. Nínú ìyẹn, èbúté díẹ̀ àti ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń mú, wọn á sì wọn ohun tí àwọn ọkọ̀ kan kó bọ̀. Ká ní nínú ọkọ̀ 40 tó wà ní èbúté kan, 25 ló jáde lónìí. Wọ́n wọn ẹja ọkọ̀ 10, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ kílò 30. Kílò 750 ni wọ́n máa kọ fún èbúté yẹn lónìí. Bí kíkà àkọ́kọ́ bá ti wọ́, gbogbo ìṣirò tó tẹ̀ lé e wọ́ nìyẹn, òfin tí wọ́n bá sì gbé ka orí rẹ̀ á ṣi ẹni ẹlẹ́ni lù.

Ẹnì kan dábàá “ìkọkọ̀”. Mi ò fara mọ́ ọn. Kíkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́, kò sì mẹ́nu kan ènìyàn àti àwọ̀n tí wọ́n jọ ń kà. Èmi ní kí á pè é ní ìkaye èbúté, ní ẹ̀gbẹ́ ìkànìyàn tí gbogbo ayé ti mọ̀. Mo fi èbúté sí i nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Apẹja máa ń tẹ̀ lé ẹja. Ó lè fi ìyàwó àti ilé sí Ayétòrò ní Ìlàjẹ, kí ọkọ̀ rẹ̀ lo oṣù mélòó kan ní abúlé apẹja mìíràn lókèèrè. Tí akọ̀wé bá ń bi wọ́n léèrè nílé, ó lè ka ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí kó fò ó pátápátá. Èbúté tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kà á. Èyí tó ti jẹrà lórí iyanrìn ńkọ́? Kò sí nínú iye.

Ní ti ọ̀wọ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tó dára ni, àmọ́ ohun tó ń jọ rìn là ń pè ní ọ̀wọ́. Tírọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lẹ́yìn, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ ọ̀wọ́. Ọkọ̀ etíkun kò ní olórí kan tó ń darí gbogbo wọn, olúkúlùkù ló ń jáde nígbà tó wù ú. Ohun tí àwọn tó ń bójú tó ẹja ní lọ́kàn ni gbogbo ọkọ̀ tó ń fi irinṣẹ́ kan náà pa ẹja nínú omi kan náà. Yorùbá ti ní ìyẹn tipẹ́: ọkọ̀ aláwọ̀n, ọkọ̀ oníwọ̀. Tí a bá fẹ́ pe gbogbo wọn pọ̀, ọkọ̀ èbúté tó.

“Apẹja kéékèèké” kò yẹ kó wọ inú ìwé rárá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwádìí tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, gbé jáde ní 2023 fi hàn pé, ó kéré tán, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹja tí wọ́n ń pa lágbàáyé ló ń ti ọwọ́ àwọn ènìyàn yìí wá. Òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti 1992 pàápàá ní kí tírọ́là má ṣe wọ́ àwọ̀n nínú máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 9, kí ọkọ̀ kékeré lè ríbi ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ló kéré, kì í ṣe ènìyàn. Apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré ni kí á kọ. Bó ti kéré tó, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ọ́; ìlànà tí FAO fọwọ́ sí ní 2014 mọ̀ọ́mọ̀ má fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo dè wọ́n. Ìlànà yẹn kan náà ka àwọn tó ń yan ẹja àti àwọn tó ń tà á mọ́ oníṣẹ́ ẹja. Nítorí náà, níbi tí àbúrò wa bá ti kọ “apẹja” nìkan, kó fi “ẹlẹ́ja” tì í, kí àwọn ìyá wa má bàa sọnù nínú ìwé.

Nǹkan kan tún wà tí ìwé náà gbọ́dọ̀ là yé wọn: ìbéèrè “ta ló ni ín?” Tí wọ́n bá ta ẹja tán, tí wọ́n yọ owó epo àti oúnjẹ, wọn á pín èyí tó kù. Ọkọ̀ nípìn-ín, ẹ̀rọ nípìn-ín, àwọ̀n nípìn-ín, kó tó kan àwọn tó ròkun. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, nígbà mìíràn ìyá ẹlẹ́ja ló sì yá wọn lówó ẹ̀rọ. Kí akọ̀wé béèrè ti ọkọ̀, ti ẹ̀rọ àti ti àwọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Fún “management”, ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìwé náà máa nílò, àbójútó tẹ́ mi lọ́rùn ju ìṣàkóso lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò jáde nítorí ìgbì tàbí àìsí epo máa ń wọ inú ìṣirò, ó sì nílò orúkọ. Mi ò ní dá èyí sọ láti Adó. Kí àbúrò wa béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Ìgbókòdá ohun tí wọ́n ń pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì mú un wá fún wa kó tó tẹ ìwé.