Ọ̀pá ìpẹja wo ló bá ekòló rọ́bà mu fún ẹja bass? Ẹ wá sọ èrò yín

Ará Houston:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin apẹja ọjọ́ Sátidé. Awuyewuye kan wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń pẹja, ẹ bá wa dá sí i. Orí adágún Conroe, níhà àríwá Houston, la sábà máa ń lọ. Bass pọ̀ níbẹ̀ dáadáa, abẹ́ àwọn pèpéle onípákó tí àwọn onílé etí omi kàn sí ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n sì fẹ́ràn láti lúgọ sí. Ekòló rọ́bà la fi ń wá wọn lọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ọ̀pá ni ọ̀pá ń jẹ́, bó bá ṣáà ti lágbára. Èmi ní rárá. Nǹkan méjì ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pá ìpẹja. Àkọ́kọ́ ni agbára rẹ̀: Light, Medium, Medium Heavy, Heavy. Èkejì ni Fast, Moderate tàbí Slow, ìyẹn ló ń sọ ibi tí ọ̀pá ti máa ń tẹ̀ bí ẹja bá fà á. Fast á tẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta lókè, ìyókù á dúró gbọin. Moderate á tẹ̀ dé àárín. Slow á tẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́ ẹni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Medium Heavy ni ọ̀pá àwa méjèèjì, gígùn wọn dọ́gba ní ẹsẹ̀ bàtà 7, okùn fluorocarbon (irú okùn oníke kan) tó lè gbé 15 pọ́ùn kan náà la sì wé sí wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé tèmi jẹ́ Fast, tirẹ̀ jẹ́ Moderate. Ẹja ayédèrú tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ló máa ń fi tirẹ̀ jù, ó sì dára fún un. Àmọ́ ekòló rọ́bà la dè lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń dè é ní Texas níbí: òjé olórí ṣóńṣó síwájú, ìwọ̀ ńlá (4/0) lẹ́yìn rẹ̀, kí a wá ri ẹnu ìwọ̀ náà padà sínú ara ekòló kó má baà há sára igi.

Bass gbé tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n já ọ̀pá sókè tagbáratagbára, ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ, a rí ẹja tó yí ikùn lójú omi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A fa ekòló wálé, a yẹ̀ ẹ́ wò: ẹnu ìwọ̀ kò tíì yọ jáde nínú rọ́bà rárá! Gbogbo agbára tí ẹ̀gbọ́n lò, inú ọ̀pá ló parí sí. Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, a pààrọ̀ ọ̀pá. Lábẹ́ pèpéle kan náà, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, èmi tí ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ló wá kàn láti máa wo ẹja lẹ́yìn.

Bí mo ṣe rí i nìyí: ìwọ̀ tó fara pamọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gún rọ́bà já kó tó kan ẹnu ẹja. Bass kì í sì í rọra jẹun. Ṣe ló máa ń la ẹnu gbàgà tí omi á gbé ìjẹ wọlé, bó bá sì fura pé kì í ṣe oúnjẹ, á tu ú dànù kí o tó mí. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ dé àárín máa ń pẹ́ kó tó ta. Yàtọ̀ sí èyí, ekòló rọ́bà kì í dá gbọ̀n bíi ti ẹja ayédèrú. Wíwọ́ ni à ń wọ́ ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ odò, ọwọ́ nìkan la fi ń mọ òkúta yàtọ̀ sí kùkùté, kùkùté yàtọ̀ sí ẹja. Ọ̀pá rírọ̀ á ti gbé ìròyìn náà mì kó tó dé ọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n wá fi ìtàn dá mi lóhùn. Ó ní láti 1949 tí Nick Creme àtìyàwó rẹ̀ ti ṣe ekòló rọ́bà òde òní ní Akron, ní Ohio, ọ̀pá fiberglass tó rọ̀ ni àwọn èèyàn fi ń pẹja, wọ́n sì ń pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ekòló ti Creme nígbà náà, ìwọ̀ rẹ̀ wà níta gbangba, wọ́n so ó mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ ni. Kò sí rọ́bà kankan tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gún já. Ìgbà tí àwọn ará Texas ń fẹ́ ju ekòló sáàárín igi tó kún inú àwọn adágún wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pá rírọ̀ kò tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n kò tíì fèsì sí èyí.

Ará Atlanta:

Bọ̀dá Houston, ẹ kú àlàyé. Mo gbà fún yín lórí abẹ́ pèpéle, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ dòfin fún gbogbo ekòló rọ́bà o. Adágún Lanier ni tèmi. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ó sì jìn, spotted bass, irú bass kan, ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà ooru, ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30 ni wọ́n máa ń wà, níbi tí àwọn èèyàn ti ri ẹ̀ka igi sínú omi fún wọn.

Drop shot la máa ń ṣe níbẹ̀: òjé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìwọ̀ kékeré wà lókè rẹ̀, ekòló tín-ín-rín á wá máa léfòó láàárín omi. Okùn mi kò ju 8 pọ́ùn lọ, ẹnu ìwọ̀ sì wà níta. Ọkọ mi tó mọ ti igbó inú omi dáadáa bá mi lọ síbẹ̀, bí ẹja ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó fa ọ̀pá bí ẹni tó ń fa igi ìdáná yọ lábẹ́ ìkòkò. Okùn já pọ́ún. Èmi kì í já ọ̀pá rárá. Mo kàn máa ń yí ẹ̀rọ okùn, kí n rọra gbé ọ̀pá sókè, ìwọ̀ á fúnra rẹ̀ wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé Extra Fast ni wọ́n kọ sára ọ̀pá tèmi. Ó yá ju tiyín lọ! Ṣùgbọ́n Medium Light ni agbára rẹ̀, orí rẹ̀ rọ̀ gan-an. Ibi tí ọ̀pá ti ń tẹ̀ ọ̀tọ̀, bó ṣe le tó ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀kan láì ka èkejì, ṣọ́ọ̀bù á kàn ta nǹkan fún un ni.

Ará Maryland:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Odò Potomac lèmi ń lọ, níbi tí omi òkun ti máa ń ti odò sókè sódò. Koríko inú omi pọ̀ níbẹ̀ ju ẹja lọ nígbà míì. Kì í ṣe ekòló ni mo ń lò, ẹja rọ́bà tó ní ìrù pẹlẹbẹ ni, mo kàn ń jù ú, mo ń yí i wálé lórí koríko. Pẹ̀lú ọ̀pá Fast àti okùn braid, ìyẹn okùn tí wọ́n hun, mo máa ń gbọ́ tí bass á gbá a gbì, màá fà á, ẹja rọ́bà á fò jáde kúrò lẹ́nu rẹ̀ wá bá mi nínú ọkọ̀. Braid kì í nà rárá, ọ̀pá náà kò sì fún ẹja ní àyè láti pa ẹnu dé.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ti ọkọ̀ sómi ló ní kí n gbìyànjú Moderate Fast, tó wà láàárín Moderate àti Fast. Okùn kan náà, ìjẹ kan náà. Bí ẹja bá gbá a báyìí, ọ̀pá á kọ́kọ́ tẹ̀ lé e díẹ̀, ẹja á ti yí padà kí agbára tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, etí ẹnu gan-an ni ìwọ̀ á ti kọ́ ọ. Okùn mono, ìyẹn okùn ọ̀rá ẹlẹ́yọ kan, tó máa ń nà ì bá ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí ọ̀pá Fast, àmọ́ koríko tiwa kò gba mono.

Snakehead, ẹja kan tí orí rẹ̀ dà bí ti ejò, nìkan ló ń ba ètò yìí jẹ́. Láti 2004 tí wọ́n ti rí i nínú Potomac, ó ti tàn ká. Ẹnu rẹ̀ le, ó kún fún eyín, Moderate Fast kò ràn án. Ọ̀pá Heavy kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi nítorí tirẹ̀, torí pé ẹ ò tíì jẹ ẹja yẹn nínú ọbẹ̀ ata ni.

Ará Peckham:

Kò sí bass tiyín ní ọ̀dọ̀ wa ní Britain. Ti òkun la ní, ẹbí ọ̀tọ̀ ni, èyí tí kò bá sì tó sẹ̀ǹtímítà 42, ẹ dá a padà sómi. Orí àpáta ní etí òkun Wales ni mo ti ń fi ẹja rọ́bà pẹ ẹ́. Níbẹ̀, ìgbì nìkan tó láti máa fa okùn, ọ̀pá tó rọ̀ jù á máa tàn ọ́ pé ẹja ti dé. Fast ni mo fara mọ́.

Ará Dallas:

Ẹ̀yin àgbà, owó ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Èwo ni kí n rà?

Ará Houston:

Àbúrò, ní Texas tí o wà, ra Medium Heavy Fast, ẹsẹ̀ bàtà 7. Á ṣe ekòló tó ní ìwọ̀ pamọ́, á sì fara da ẹja rọ́bà onírù bí o bá fi okùn mono tàbí fluorocarbon sí i. Drop shot ti sístà Atlanta nìkan ni kò ní ṣe é dáadáa. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá nìkan, nítorí Fast ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ Moderate Fast fún òmíràn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, di ìdí ọ̀pá mú, kí ẹni tó bá ọ lọ di orí rẹ̀ mú kó rọra fà á wálẹ̀, kí o wo ibi tí yóò ti tẹ̀.

Ará Dallas:

Okùn mono 14 pọ́ùn wà nílé. Màá mú ìyàwó mi dání kó bá mi fa orí rẹ̀.