Oyún oṣù méje ni mo wà, ìyá ọkọ mi fẹ́ kí n máa mu àgbo akòko. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aya Àyìnlá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò fẹ́ dá gbé.

Ilé ẹbí ọkọ mi là ń gbé ní Ìbàdàn. Igi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà wa tí ìyá ọkọ mi ń pè ní akòko. Láti ìgbà tí màmá ti dé láti Ìsẹ́yìn láti wá dúró tì mí ni wọ́n ti ń ní kí n jẹ́ kí àwọn já ewé rẹ̀, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n máa sè é fún mi láràárọ̀, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ má bàa ni mí lára. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Àwọn ló ń fọ aṣọ mi báyìí tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ ṣe ohun tí yóò dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e mu.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ọkọ mi fẹ́ gé igi náà lulẹ̀, ó ní gbòǹgbò rẹ̀ lè bi ògiri wó. Màmá ní a kì í ṣàdédé gé akòko. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé akòko tilẹ̀ ni igi yìí?

Ìyá Ìbejì

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Má tíì mu nǹkan kan. Kọ́kọ́ sọ bí ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀ àti èso rẹ̀ ṣe rí fún wa. Igi pọ̀ tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ igi mìíràn pè.

Aya Àyìnlá

Àmín o, ìyá mi. Igi náà ga ju òrùlé wa lọ díẹ̀. Kò fẹ̀ lórí, ńṣe ló nà gbọọrọ sókè. Ewé rẹ̀ tutù minimini, ó ń dán, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́. Òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò, orí ẹ̀ka ló máa ń pọ̀ sí. Àwọn nǹkan gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún ń rọ̀ lára rẹ̀.

Tísà Báyọ̀

Akòko ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, igi yìí sì wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù láti fi hàn wọ́n.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é káàkiri ayé ni Newbouldia laevis. Ìdílé Bignoniaceae ló wà. Òun, òrúrù àti pàǹdòrò, ẹbí kan náà ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí òdòdó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi rí bí agogo tó lanu. Téèyàn bá fara balẹ̀ wò wọ́n, kò lè ṣì wọ́n mú. Òdòdó òrúrù pupa yòò, ó tóbi, ìrudi rẹ̀ tí kò tíì là sì máa ń kún fún omi tí àwọn ọmọdé fi ń ta ara wọn. Ti pàǹdòrò pọ́n débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, okùn gígùn ló fi ń rọ̀ sílẹ̀, òru ló ń là, àdán ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti igi dé igi. Èso rẹ̀ tóbi débi pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ tí ẹ sọ yẹn, tó wà láàárín pupa àti àlùkò, ti akòko ni.

Ẹ tún wo ewé rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ewé kan ṣoṣo ló wà lórí igi ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ewé kéékèèké ló tò sí i ní méjì méjì tí wọ́n kọjú síra, ọ̀kan á wá dá wà ní ṣóńṣó. Àwọn nǹkan gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni èso rẹ̀, wọ́n lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Tí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á là, irúgbìn tó ní ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á jáde, atẹ́gùn á sì gbé e lọ.

Ọmọ ilẹ̀ wa ni, láti Senegal ló ti ń hù títí dé ìhà Kamẹrúùnù àti Gabon. Àwọn Ígbò ń pè é ní ogirisi, àwọn Haúsá ní aduruku. Palisot de Beauvois, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó dé agbègbè Warri àti Benin ní 1786, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì kà á mọ́ irú kan náà pẹ̀lú òrúrù. Seemann, onímọ̀ ewéko kan ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló wá yà á sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà, tó fi orúkọ Newbould, onímọ̀ ewéko ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́. Òun nìkan ló wà lábẹ́ orúkọ náà títí dòní. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa mọ igi òyìnbó tí wọn ò rí rí ju èyí tó wà lẹ́yìn ilé wọn lọ.

Ti mímu rẹ̀, màá fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹléwé Ọmọ

Ọmọ mi, ìsọ̀ ewé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Akòko ń ṣiṣẹ́. Èèpo rẹ̀ la máa ń jẹ lẹ́nu tí eyín bá ń dunni. À ń sè é fún inú rírun, fún ìgbẹ́ gbuuru àti fún ikọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ wà fún làkúrègbé àti fún etí tó ń dunni. Ìwọ̀nba ni à ń bó o, ẹ̀gbẹ́ kan lónìí, kí ojú ọgbẹ́ igi jiná. Ẹni tó bá bó èèpo yí igi po ti pa á nìyẹn, àwọn aláìmọ̀kan ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti aboyún yàtọ̀ pátápátá. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n lò, ìgbà tí ìrọbí bá ti mú obìnrin, tí ọmọ ti ń bọ̀ lọ́nà, tàbí tí ibi ọmọ bá kọ̀ tí kò bọ́, ni wọ́n ń lò ó. Wo ìgbà tí wọ́n ń lò ó, ìwọ náà á mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó ń ti ọmọ jáde, kí ló wá dé inú oyún oṣù méje? Bí aboyún bá wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò ní tà á fún un, owó yòówù kó mú wá. Wọ́n máa ń ní ewé ń jẹ́. Nítorí pé ó ń jẹ́ gan-an ni mo ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀.

Kò jọ pé màmá fẹ́ ibi fún ọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí ọjọ́ tí kò tíì tó.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Ẹ ṣé, ìyá wa. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un láti ọ̀dọ̀ tiwa.

Àwọn onímọ̀ ti gbé omi ewé akòko kan ilé ọmọ eku nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí ilé ọmọ máa sún kì. Bí ìrọbí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí a bá bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, a kà á sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ní oṣù méje, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè má tíì lágbára tó láti mí fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an, àgbo kò ní òṣùwọ̀n. Ti òní lè kì ju ti àná lọ. Bí ilé ọmọ bá ń sún kì ju bó ṣe yẹ lọ, èémí ọmọ lè há, ilé ọmọ sì lè ya. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tí irú rẹ̀ ń fà, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́.

Nítorí náà, má mu ún rárá. Bí o bá ti tọ́ ọ wò tẹ́lẹ̀, sọ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ, má fi pamọ́. Bí ikùn rẹ bá ń le léraléra, bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi lójú ara, tàbí tí ọmọ kò bá ta mọ́ bó ṣe máa ń ta, ọsibítù ni kó o gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ òru.

Ní ti màmá, mú wọn dání lọ́jọ́ ìtọ́jú aláboyún tó ń bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, kí wọ́n fúnra wọn béèrè nípa àgbo náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu nọ́ọ̀sì jáde kò ní jọ pé ìyàwó ń já ìyá ọkọ ní koro.

Ọmọ Ìyá Àgbà

Èmi ò fara mọ́ èyí o. Ìyá àgbà mi mu akòko nínú oyún, gbogbo ọmọ wọn ló sì yè. Kí ló dé tí ohun ìbílẹ̀ wa fi ń di ohun ẹ̀rù?

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, oṣù mélòó ni oyún ìyá àgbà rẹ nígbà tí wọ́n mu ún? Èèpo ni àbí ewé? Ife mélòó? Kí ni wọ́n fi kún un? Bí o kò bá lè dáhùn, má fi rán obìnrin mìíràn níṣẹ́. Àwọn tó mu ún tí nǹkan yíwọ́ fún, àwọn wo ló wà níbí láti sọ tiwọn? Ẹléwé fúnra wọn ló ní òun ò tà á fún aboyún, ta ló tún kù tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìbílẹ̀?

Olóyè Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti gígé igi. Màmá jàre níbẹ̀.

Akòko ni ewé oyè. Bí a bá ń fi ọba tàbí ìjòyè jẹ, òun là ń já sí i lórí tàbí ká fi bọ etí fìlà rẹ̀. Níwájú gbogbo ìlú ni à ń já a, ìgbà náà ni àwọn èèyàn á tó mọ̀ pé oyè ti délẹ̀. Ẹ máa rí i lójúbọ Ògún, ẹ máa rí i láàfin. Igi tí bàbá ńlá kan gbìn sílé ẹbí lè ní ohun tó ń tọ́ka sí. Ó lè jẹ́ ààlà ilẹ̀, ó lè jẹ́ ojúbọ àtijọ́, ó sì lè jẹ́ oyè tó wà nínú ẹbí. Kí ọkọ rẹ lọ bá olórí ẹbí kó tó gbé àdá. Ilé ẹbí ni, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí olórí ẹbí bá ní kò sí nǹkan níbẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ògiri nìkan ló kù.

Àgbẹ̀ Òdòdó

Ọ̀rọ̀ ògiri ni tèmi. Akòko kì í fẹ̀, kì í sì í sanra bí ọ̀dán tàbí máńgòrò. Àwọn èèyàn tilẹ̀ máa ń fi ṣe ọgbà ààyè, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, á sì máa dàgbà lọ. Ẹ wo ìdí ògiri yẹn dáadáa. Bí kò bá tíì là, ẹ máa rẹ́ orí igi náà sílẹ̀ lọ́dọọdún, ó tó. Bí ó bá ti là, ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn sí ibòmíràn nínú ọgbà, kó mú, kí ẹ tó gé èyí tó wà lẹ́bàá ògiri. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú màmá á dùn, ọkàn ọkọ yín á sì balẹ̀.

Aya Àyìnlá

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ka ohun tí Ìyá Ẹléwé kọ sétí màmá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ìgbà ìrọbí náà ni àwọn gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n máa bá mi lọ sí kíníkì. Ọkọ mi náà ti pe olórí ẹbí lórí fóònù, wọ́n ní kó má fọwọ́ kan igi náà títí àwọn á fi wá wò ó. Ògiri ti là díẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà a fẹ́ gbin ẹ̀ka sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀ka tó gùn tó mélòó ni kí a gé, bàbá?

Àgbẹ̀ Òdòdó

Kó gùn tó apá àgbàlagbà. Ẹ yan èyí tó ti gbó, tí èèpo rẹ̀ kò tutù mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára jù. Ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí apá tó wà nísàlẹ̀ lórí igi náà wà nísàlẹ̀ nínú ilẹ̀, kí ẹ sì tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ẹ gbìn tó mẹ́ta, kí ọ̀kan má bàa kú kí ọwọ́ yín ṣófo. Ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ibẹ̀.