Lórí "ìgbọ̀nhùn" àti "ohùn sílíkì": ká tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún orin kíkọ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Iléṣà béèrè ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé lè lò nígbà tí akọrin bá fa ohùn gùn, tí ohùn náà sì ń mì lójú kan láì kúrò níbẹ̀. Wọ́n dábàá "ìgbọ̀nhùn". Àbúrò wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè níbí ní Ifẹ̀ fi "ohùn sílíkì" kún un, fún ohùn tí kò rí gbágungbàgun. Ìbéèrè náà dára, nítorí "ohùn rẹ̀ dùn" ti sú wa nínú ìwé. Gbogbo akọrin inú ìtàn àròsọ wa ni ohùn wọn dùn bí oyin, a kò sì lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Àmọ́ n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú "gbọ̀n". Bí mo bá kọ ọ́ pé "ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n", ta ni nínú wa tí kò ní rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí pé ẹkún ló fẹ́ bú sí? Èyí tí à ń wí yìí, akọrin mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ìkáwọ́ rẹ̀ ni ohùn náà wà. "Mì" ló sàn jù níbẹ̀. Ká má tiẹ̀ wulẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. "Ó fa ohùn náà gùn, ó sì ń mì ín díẹ̀díẹ̀": kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní gbọ́ ìyẹn. Bí ohùn bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún, àwọn èèyàn wa ti ní gbólóhùn tiwọn fún un tipẹ́: "ó ń fi ohùn dárà".

Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń ṣe àpèjúwe orin. A kì í kọ ìjálá, sísun là ń sun ún. Rárà, ẹkún ìyàwó àti ìyẹ̀rẹ̀ tí àwọn babaláwo fi ń ké ẹsẹ Ifá, sísun náà ni. Ẹsà egúngún, pípè ni. Oríkì, kíkì ni. Òǹkọ̀wé tó bá kọ ọ́ pé "ọdẹ náà ń kọ ìjálá" ti sọ ohun tí "sun" gbé lọ́wọ́ nù, ìyẹn ohùn gígùn tó fara jọ ti ẹni tó ń sunkún. Bákan náà ni ẹni tó dá orin, ẹni tó lé e, àwọn tó gbè é àti ẹni tó já a gbà lẹ́nu ẹlòmíràn kò ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ẹ bá lo ọ̀rọ̀-ìṣe tó tọ́, òǹkàwé ti rí ìdúró wọn lágbo.

Ẹ lọ sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí lásìkò ọdún Ifá, kí ẹ tẹ́tí sí ìyẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ń lé, àwọn yòókù ń dá a lóhùn ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé "hin-in". "Hin-in" yẹn kúrú, imú ló ń gbà jáde, ó sì wúwo. Òun ni wọ́n fi ń jẹ́rìí pé ohun tó sọ tọ̀nà. Àárín rẹ̀ náà ni ẹni tó ń lé ti ń rí àyè mí. Ẹ kọ ibi tó ti mí! N kò tíì rí ìwé ìtàn tó kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń mọ̀ pé ó ti ń rẹ akọrin tàbí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni.

Obìnrin kan máa ń ti Lágere kiri àgbàdo sísè kọjá ládùúgbò wa. "Láńgbé jinná o!" Kíá ló máa ń pe ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, inú "o" ló kó gbogbo agbára rẹ̀ sí. Yóò fà á láti òkè, yóò máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, yóò wá gé e lójijì. Láàárọ̀, ohùn rẹ̀ ń ró gooro. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti há. N kò pè é ní dídùn, ẹ ṣì gbọ́ ọ.

Ní ti sílíkì, aṣọ ni lọ́dọ̀ wa, kò tíì di ohùn. Bí ó bá jẹ́ dandan, "ohùn rẹ̀ jọ̀lọ̀" wà ńlẹ̀. Ẹ tún wo Yusuf Ọlátúnjí nínú sákárà: ohùn rẹ̀ wúwo, ó rinlẹ̀, kì í kánjú. Ti Àyìnlá Ọmọwúrà nínú àpàlà le, ó mú, ó sì ń sáré bá ìlù. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀ yẹn.

Ẹnì kan tún fẹ́ ká máa pe ohùn àwọn obìnrin tó ga jù nínú ẹgbẹ́ akọrin ní "ohùn òkè". Èyí ni mo lòdì sí jù. Gírámà ti gba ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tòkè àti tìsàlẹ̀ la sì ń fi àmì hàn lórí fáwẹ̀lì, a kì í sábà sàmì sí tàárín. "Ohùn orin" la sì tún ń pe bí orin ṣe ń lọ. Ẹrù ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀, tí wọ́n sì fi sí ohùn orin òyìnbó, níbi tí "ọkọ̀" ti lè di "ọkọ́" lẹ́nu ìjọ, á nílò láti sọ pé orin gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tí ohùn òkè bá ti di orúkọ àwọn obìnrin yẹn? Sòpránò, áàtò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Mo ń retí èsì ẹ̀gbọ́n wa lórí "mi ohùn", pàápàá bí àwọn Ìjẹ̀ṣà bá ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún un.