Òpó ni, kì í ṣe ilé gogoro

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò lórí fọ́ọ̀mù ètò ìlú ni pé kí á máa pe ohun tó gbé ẹ̀rọ amúnáwá alátẹ́gùn sókè ní "ilé gogoro", kí á sì máa pe ìwé tí ìjọba ń fúnni kí á tó rì í mọ́lẹ̀ ní "ìwé àṣẹ ìdàgbàsókè". Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ilé ni ilé ń jẹ́; ẹni tó bá rí i lórí fọ́ọ̀mù á máa wá iye yàrá. Òpó ni kí á pè é. Máàsì, tí àwọn kan fẹ́, ti iléeṣẹ́ fóònù ló ń mú wá sọ́kàn.

"Ìdàgbàsókè", ìyẹn "development" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló tiẹ̀ le jù. Òfin ètò ìlú ọdún 1992 fi í pe iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe sórí ilẹ̀ tàbí sínú rẹ̀, etí wa sì ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ìjọba da ọ̀dà sí títì. "Ìwé àṣẹ iṣẹ́ orí-ilẹ̀" ni èmi dábàá. N'Íbàdàn, pláànù ni gbogbo wa ń pè é, wàhálà sì wà níbẹ̀: àwòrán ni pláànù, àṣẹ náà tún ni pláànù. Onílé á ní òun ti ní pláànù, kò sì parọ́, àmọ́ òpó kò sí nínú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Kó tó gbẹ́ kòtò, kó padà sí ọ́fíìsì ètò ìlú pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, sọ́fè, àwòrán ibi tí òpó máa wà, àti ìṣirò tí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, lu òǹtẹ̀ sí. Ìwé tó bá òpó wá láti ṣọ́ọ̀bù lè má tó: nígbà mìíràn òpó lásán ni wọ́n ṣírò, wọn ò ka bí atẹ́gùn ṣe ń ti apá tó ń yí lókè, bẹ́ẹ̀ títì yẹn ló ń fa ìpìlẹ̀ tu.

"Gíga" nìkan kò tó lórí fọ́ọ̀mù. Òpó mítà 18 tí apá ẹ̀rọ rẹ̀ gùn ní mítà 1.5 ní gíga méjì: dé ìdí apá, 18, dé ṣóńṣó apá, 19.5. Ti àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń ṣírò iná ń wò. Ẹni tó ń wò ó bóyá òpó lè wó lu ilé aládùúgbò, ti kejì ló fẹ́, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú, náà sì ni, torí bàálù tó ń balẹ̀ sí Alákíà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ti NCAA. Ètò ìlú wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ ní 2003. Nítorí náà, "ìyọ̀ǹda gíga" fún ti NCAA, "àṣẹ" fún ti ìpínlẹ̀. Ọ̀kan kò rọ́pò èkejì.

Ẹ má sì sọ pé kí á ké òpó kúrú. Òkè ni atẹ́gùn ti ń sáré jù, ilé àti igi ló ń dá a dúró nísàlẹ̀. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí apá fi mítà 9 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín mítà 150 yí i ká lọ. Atẹ́gùn Ìbàdàn kò le rárá. Òpó kúkúrú lẹ́yìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Wáyà tó di òpó mú, "okùn ìdè". Ibi tí a so ó mọ́ nílẹ̀, "èèkàn", kódà bó jẹ́ kọnkéré ni. Èèkàn máa ń jìnnà sí òpó tó ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga rẹ̀: mítà 9 sí 13.5 fún òpó mítà 18. Plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 50 sí 100 kò fẹ̀ ju bíi mítà 15 lọ. Bí ilé bá ti wà níbẹ̀, èèkàn á bọ́ sí pálọ̀ tàbí kọjá fẹ́ǹsì. "Òpó adádúró" ló kù fún irú wọn, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ń jẹ sìmẹ́ǹtì. "Òpó abẹ̀rẹ̀", tí a ń dá dùbúlẹ̀ láti tún un ṣe, kí wọ́n ya ibi tó máa sùn sí sínú àwòrán pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi wáyà NEPA tó gba ibẹ̀ hàn.