Bọ́ọ̀dù káìtì tí kò ní pa orúnkún: ẹ bá mi dá sí i

Ará Gwarinpa:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń dúró lórí bọ́ọ̀dù, tí káìtì ń fà wọ́n sáré lórí omi, wà nínú ẹgbẹ́ yìí, torí mo ti rí fọ́tò yín. Tarifa lèmi ti kọ́ ọ, láàárín ọdún mẹ́jọ tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Sípéènì. Abuja ni mo wà báyìí, àmọ́ lóṣù kẹfà ọdọọdún, mo máa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi mi padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi rèé. Ọmọ ọdún 46 ni mí, mo wọn kílò 83. Bọ́ọ̀dù tí mo máa ń háyà níbẹ̀ le bí àpáta. Levante, atẹ́gùn ìlà oòrùn ibẹ̀, ṣì ṣeé fara dà, bó tilẹ̀ ń fẹ́ bí ẹni tínú ń bí. Àmọ́ bí Poniente bá fẹ́ wá láti orí òkun Atlantic, omi á rí gbágungbàgun, bọ́ọ̀dù á sì máa gbá mi lẹ́sẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní ṣọ́kù. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo délé, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì láìdi irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ìyàwó mi ní ṣé àgbàlagbà bíi tèmi ò lè lọ máa ta ayò ni.

Mo fẹ́ ra tèmi. Mo fẹ́ èyí tó máa rọ orúnkún lọ́rùn, tó ṣeé lò nínú omi tó pa rọ́rọ́, tó ṣeé lò nínú ìgbì, tí mo sì lè gbé wọ bàálù. Ẹnì kan ní kí n ṣáà ra èyí tó bá rọ̀ jù lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti pé 58, kílò 96 ni mí, Oostvoorne àti Brouwersdam ni mo ti ń gun tèmi. Ìgbì ibí kúrú, wọ́n sún mọ́ra wọn bí eyín. Ká ní bọ́ọ̀dù líle ni mò ń lò ni, ǹ bá ti jókòó sílé.

Ó dáa kó rọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló yẹ kó rọ̀. Èyí tí àárín rẹ̀ dúró, tí orí rẹ̀ méjèèjì sì ń tẹ̀ ni kó o wá. Bí àárín bá rọ̀ jù, ńṣe ló máa ń wọ́ nínú omi, wàá wá máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tì í kó tó lè gun òkè atẹ́gùn, ìyẹn ni pé kó lọ síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, orúnkún ẹ̀yìn yẹn náà ló máa jìyà rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù máa ń ta èèyàn sókè dáadáa bó o bá fẹ́ fò, àmọ́ kò sí ìgbì tí kì í ròyìn fún ẹsẹ̀. Igi paulownia tí wọ́n fi fáíbà bò ni kó o máa wò.

Bí mo ṣe máa ń dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù nìyí: màá gún orí kan mọ́lẹ̀, màá di ìkejì mú, màá wá fi àtẹ́lẹwọ́ ti àárín. Ibi tí mo fẹ́ kó ti tẹ̀ ni ìtòsí ilẹ̀ àti ìtòsí ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà, màá gbé e kalẹ̀, màá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ apẹja máa ń gun orí ìgbì jẹ́jẹ́, tó o bá fò, ó máa ń balẹ̀ pẹ̀lẹ́. Èyí tó rí pẹlẹbẹ máa ń yára, ó sì máa ń gun òkè atẹ́gùn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbá omi ni. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní kòtò gbọọrọ, tí orí rẹ̀ ò sì fẹ̀ jù, á máa la omi dípò kó máa lù ú.

Fún kílò 83, wá 138 sí 140 sẹ̀ǹtímítà, kí ìbú rẹ̀ tó 41. Má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tá à ń pè ní ilẹ̀kùn fún ọ, àwọn tó gùn tó 150. Ọjọ́ tí atẹ́gùn kéré nìkan ni ìyẹn wúlò fún.

Ọmọ Ìbàdàn ní Cape Town:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ẹ̀yin Bọ̀dá Gwarinpa, ẹ gbàgbé twin tip, bọ́ọ̀dù olórí méjì tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn. Ẹ ra directional, èyí tó dà bíi bọ́ọ̀dù àwọn tó ń gun ìgbì, tí kò ní okùn tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ rárá. Ẹsẹ̀ yín á wà lómìnira, tó bá ti ń ro yín ẹ ó sún un. Òun náà ni mò ń lò ní Big Bay, àti ní ọ̀sà Langebaan bí mo bá fẹ́ omi tó tẹ́jú. Àbí kẹ̀, ẹ bọ́ sórí fóìlì pátápátá, bọ́ọ̀dù tó ní òpó àti apá lábẹ́. Ẹ ò rí i nínú Òlíńpíìkì 2024 ní Marseille? Ellie Aldridge, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba góòlù àwọn obìnrin. Fóìlì ò mọ ìgbì, apá rẹ̀ tó wà nínú omi á gbé bọ́ọ̀dù gan-an sókè omi.

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam:
Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì pé 30. Ṣé o ti gbàgbé iye ìgbà tó o ṣubú kó o tó mọ fóìlì gùn? Apá tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì mú. Ẹni tó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún ò ní kọ́ ọ tán kí ìsinmi rẹ̀ tó parí. Ti directional, òótọ́ lo sọ, ó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Àmọ́ bó o bá ti yí padà, o gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹsẹ̀, ìyẹn náà sì gba kíkọ́. Ta ló sì máa bá a gbé igi tó lé ní mítà kan àbọ̀ láti Abuja?

Àǹtí Físíò, Manchester:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé orúnkún yẹn máa ń wú? Ṣé ó máa ń há, tí kò ní fẹ́ nà? Ṣé ó máa ń yẹ̀ lábẹ́ yín bẹ́ ẹ bá ń rìn? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, kò sí bọ́ọ̀dù tó máa wò ó. Ẹ lọ rí dókítà eegun kẹ́ ẹ tó sanwó bàálù.

Bí kò bá sí, tó jẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú iṣan itan yín le láti ìsinsìnyí, ẹ má dúró de oṣù kẹfà. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀. Ẹ dúró sórí àtẹ̀gùn kúkúrú kan, kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrora tó bá ń pọ̀ sí i, ẹ dáwọ́ dúró.

Nípa bọ́ọ̀dù, ìwọ̀n àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì ni mo fẹ́ gbọ́. Àwọn tó ń wá bá mi kì í mọ tiwọn. Bí ẹ bá la ẹsẹ̀ jù, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì kọjú sí iwájú gangan, orúnkún á wọ inú nígbà tẹ́ ẹ bá lóṣòó. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ló yẹ kí orúnkún kọjú sí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta bọ́ọ̀dù oníbàtà fún yín. Bí bọ́ọ̀dù bá yí nínú omi tí ẹsẹ̀ ò lè yọ, orúnkún ló máa gba yíyí yẹn. Okùn ẹsẹ̀ tó fẹ̀, tí fóòmù abẹ́ rẹ̀ nípọn níbi gìgísẹ̀, ó tó.

Ará Gwarinpa:
Àǹtí, ẹ ṣeun. Kò wú, kò há, kò yẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ló ń dùn mí jù, bí mo bá sì yí padà, ó di ti ìkejì. Ìbéèrè yín lórí àyè ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Kugbo lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà. Mo ní kí ọ̀kan gé plywood fún mi, 138 ní gígùn, 41 ní ìbú, kó yí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ Ìkirè ni. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Ọ̀gá, pátákó ìlọṣọ ni àbí ìbùsùn ọmọ?" Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo délé, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì àyè ẹsẹ̀ sí i ní sẹ̀ǹtímítà: 62, 58, 54. Lórí fọ́tò tí mo yà lọ́dún tó kọjá, téèpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù háyà yẹn, 62 ni wọ́n dè é sí, ẹsẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síwájú gangan. Mo so okùn mọ́ òpó báráńdà, mo dì í mú, mo tẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà tí káìtì ń fà mí, mo lóṣòó díẹ̀. Ìyàwó mi ń fi fóònù ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́gáàdì yọjú láti ibi géètì: "Oga, lafiya?"

Ní 62, kí n tó ka 40, orúnkún mi méjèèjì ti ń wo ara wọn bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. Ó hàn kedere nínú fídíò. Ìrora Tarifa gan-an ló dé yẹn, nínú ọgbà wa ní Gwarinpa! Ní 54, ara mi ò dúró, ńṣe ni mo dà bí ẹni tó dúró lórí igi kan ṣoṣo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sún un díẹ̀díẹ̀. Ní 57, tí mo yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ síta ní dígírì 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo ka 100, itan ló kọ́kọ́ rẹ̀ mí, kì í ṣe orúnkún.

Ọdún mẹ́jọ o! Mi ò tú síkúrúù kan rí lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ni wọ́n dè é fún, èmi ń fi orúnkún mi sanwó rẹ̀.

Àǹtí Físíò, Manchester:
Ẹ ṣé é dáadáa. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ mìíràn tí ara yín balẹ̀, láìwọ bàtà. Bí nọ́ńbà yẹn ò bá yí padà, ẹ gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam:
Ìyẹn ti mú ọ̀rọ̀ rọrùn. Bó o bá ń wo bọ́ọ̀dù, wo ihò síkúrúù rẹ̀. Jẹ́ kí 57 bọ́ sí àárín ihò, kó lè ṣeé fà síwá sẹ́yìn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi tó kéré jù lórí wọn ṣì fẹ̀ jù fún ọ. Rí i pé fóòmù náà ṣeé yí dé dígírì 15.

Nǹkan kan tún kù. Àwa àgbà fẹ́ràn káìtì ńlá. Bí àwọn ọmọdé bá gbé èyí tó fẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin 9, àwa á gbé 12, torí pé a ò fẹ́ kí atẹ́gùn já wa sílẹ̀. Bí agbára bá ti pọ̀ jù, èèyàn á na ẹsẹ̀ gbọọrọ kó má bàa fò lọ, ẹsẹ̀ tó nà ò sì lè gba ìgbì. Gbé èyí tó kéré, kó o máa lóṣòó.

Ìyá Ìbejì, Lisbon:
Tòkúnbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà jàre, tuntun ti wọ́n jù. Ẹ fi kọ́ìnì kan ara rẹ̀ yíká, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, bí ìgbà téèyàn ń ra ìkòkò lọ́jà. Ibi tó bá dún bòǹbò, omi ti wọ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú síkúrúù M6 dání, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i wọ gbogbo ihò, ẹ má lo irinṣẹ́, kẹ́ ẹ mọ èyí tó ti dípẹtà. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù. Bí kò bá tẹ̀ mọ́, oòrùn ti jẹ ẹ́. Bó bá sì dé Abuja, ẹ má fi í sínú ọkọ̀ lójú oòrùn. Gọ́ọ̀mù á yọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Cape Town:
Bọ̀dá, ṣé kò ṣeé ṣe ní Jabi Lake ni?

Ará Gwarinpa:
Wò ó, mo ti lọ dúró níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Atẹ́gùn á fẹ́ fìì, á tún kú. Ilé àti igi ti gé e sí wẹ́wẹ́. Okùn káìtì gùn tó mítà 20 sí 24, ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó wá ṣeré sì kún ibẹ̀. Ta ni mo fẹ́ fi okùn wé lọ́rùn?

Ní ti bàálù, mo ń ronú lórí bọ́ọ̀dù tó ń pín sí méjì. Wọ́n ní àárín rẹ̀ máa ń le díẹ̀ ju tàwọn yòókù, torí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rotterdam:
Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àárín kọ́ ni mo ní kó rọ̀. Bó bá ti pín, ìdajì rẹ̀ ò ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ, kò ní kọjá sẹ̀ǹtímítà 158 tí ọ̀pọ̀ bàálù fi ń ṣírò gígùn, ìbú àti gíga ẹrù pa pọ̀. Ṣọ́ra fún kílò 23 tí wọ́n máa ń fi ààlà sí ẹrù nìkan. Ẹnì kan ń ta ọ̀kan níbí, 138 sí 41, onígi. Màá lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé, màá fi kọ́ìnì kàn án. Ìwọ̀n bàtà rẹ ńkọ́?

Ará Gwarinpa:
44, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń fẹ̀yìn ti ògiri láràárọ̀.

Ìyá Ìbejì, Lisbon:
Plywood Kugbo yẹn ńkọ́? Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kémi náà wọn tèmi.

Ará Gwarinpa:
Ó ti bọ́. Ìyàwó mi ti fi bo dírọ́ọ̀mù omi.