Ìjì ilẹ̀ olóoru kọ́ o, ìjì olójú ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ìjì ńlá tó ń ti orí òkun wá, mo ní mi ò ní dá sí i torí èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Houston níbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wọnú ilé mi rí, mi ò lè panu mọ́ mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: ọ̀gá wa kan tó ń túmọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì fáwọn ọmọ iléèwé ló bèèrè ohun tí a lè máa pe tropical storm, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ, hurricane. Àwọn fúnra wọn dábàá "ìjì ilẹ̀ olóoru". Bọ̀dá kan láti Ìbàdàn ní "ìjì Ọya" ló dáa jù. Àǹtí wa ní London ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ká pè é ní họ́ríkéènì ká lọ sùn.

Ẹ má bínú sà, "ìjì ilẹ̀ olóoru" yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló wọ bùbá. Tí ẹ bá sọ ọ́ fún màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tí wọ́n máa rò ni ìjì tó ń jà níbi tó gbóná, ilẹ̀ ta ló wá gbóná tó tiwa? Ìjì tó ń ká páànù nílé lóṣù kẹrin, òun náà á ti di ìjì ilẹ̀ olóoru nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni "ilẹ̀" tí ẹ fi sí i. Ilẹ̀ ni ọ̀tá ìjì yìí! Orí òkun ni wọ́n ti ń bí i, òkun ló ń bọ́ ọ, bó bá ti lè gúnlẹ̀ báyìí ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á nìyẹn, kó tó di ọjọ́ mélòó kan ó ti di òjò lásán. (Mo fẹ́ràn "gúnlẹ̀" yẹn tí ẹnì kan lò lánàá o. Bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ ni ìjì náà ń gúnlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi "ìjábọ́ sórí ilẹ̀" rọ́pò ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Òkun á kọ́kọ́ gbóná, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 26.5 lórí ìwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣe ojú omi nìkan, ooru yẹn á wọlẹ̀ lọ bíi mítà 50. Ẹ ṣáà ti ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rí, ẹ rí bí ooru ṣe ń di omi tó ń kán tó-tó-tó lábẹ́ ọmọrí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè náà nìyẹn, ooru omi á gòkè, á di òjò, bó sì ṣe ń di òjò ló ń tú gbogbo ìgbóná tó gbé bọ̀ látinú òkun sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tún gbóná sí i, á tún máa gòkè sí i, ìsàlẹ̀ á wá fúyẹ́, ni afẹ́fẹ́ láti ìhà gbogbo á bá máa sáré wá dí àyè tó ṣófo. Ayé tó ń yí ò ní jẹ́ kó wá tààrà, á máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló bá di pé gbogbo ẹ̀ ń pòòyì. Nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì, fífà yẹn ò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣẹ̀dá níbẹ̀, Èkó wa sì rèé, ìwọ̀n 6 àti ààbọ̀ péré ni sí ìlà yẹn, ìwọ̀ oòrùn ni ìjì náà sì máa ń forí lé, ó ń sá lọ fún wa ni.

Ó ń sá lọ fún wa, àmọ́ ọmọ wa ni o. Lásìkò òjò, ìgbì afẹ́fẹ́ kan máa ń gbéra lápá Sudan àti Chad, á gba orí Nàìjíríà àti Mali kọjá, títí á fi bọ́ sórí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Senegal. Púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í di nǹkan kan, á kàn kú sọ́nà. Èyí tó bá bá òkun gbígbóná pàdé lẹ́yìn àwọn erékùṣù Cape Verde ló ń di ẹ̀rù fún Barbados, Cuba, Florida. Èmi á kàn jókòó sí Houston, fóònù mi á ní nǹkan kan ti kúrò ní etíkun Áfíríkà o, mo máa ń rò ó nínú ara mi pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òjò tó pa àbúrò mi lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń wá mi bọ̀ yìí. Cape Verde fúnra ẹ̀ kì í sábà jẹ nínú ìyà ẹ̀, kó tó di pé họ́ríkéènì tí wọ́n ń pè ní Fred já lù wọ́n ní 2015, wọn ò rí irú ẹ̀ láti 1892.

Àǹtí London, mo gbà pé họ́ríkéènì ló wà lẹ́nu gbogbo wa níbí. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì náà yá a ni, lọ́wọ́ àwọn ará Spain tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Taíno, àwọn onílẹ̀ ní erékùṣù Caribbean. Àmọ́ ẹ wò ó, orí òkun Atlantic àti apá kan Pacific nìkan ló ń jẹ́ họ́ríkéènì. Bó bá jà ní Philippines tàbí Japan, typhoon ni. Bó bá jà ní India tàbí Mozambique, cyclone ni. Nǹkan kan náà gẹ́lẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ká wá yá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo torí pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ò bára wọn gbé ládùúgbò? Òyìnbó tó tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ cyclone sílẹ̀, Henry Piddington, Calcutta ló ń gbé láyé 1840 sí 1850, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ bí ejò ṣe ń ká jọ ló lọ mú. Ó wo ìjì, ó rí ejò. Àwa náà ẹ jẹ́ ká wò ó ká sọ ohun tí a rí.

Bọ̀dá Ìbàdàn, ẹ̀rí tí ẹ mú wá ò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní Cuba tí ìjì yìí ti ń jà lóòótọ́, àwọn ọmọ Lukumí, ìran Yorùbá tó wà níbẹ̀, ṣì mọ Ọya sí ẹni tó ni ìjì. Àmọ́ Ọya tí à ń kì, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè lókè, ìjì tó ń ṣáájú òjò Ṣàngó ni, á dé, á jà, kí ẹ tó sá aṣọ tán ó ti lọ. Èyí tí à ń sọ yìí lè jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ìwé iléèwé ni ọ̀gá wa ń kọ, pásítọ̀ á ní òun ò gbà, àlùfáà á ní òun ò gbà, ìwé á wà ní stóò. Ẹni tó sì dábàá ààjà, mo mọ̀ pé Èlíjà bá ààjà gòkè re ọ̀run, ṣùgbọ́n ààjà tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń gbé eruku yípo lórí pápá iléèwé ni, àwọn àgbà ní ó ń gbé èèyàn wọgbó. Ó kéré jù.

Ibi tí èmi ti rí tèmi rèé. Oṣù keje 2024, họ́ríkéènì tí wọ́n sọ ní Beryl. Ìdájí ọjọ́ kẹjọ ló gúnlẹ̀ ní Matagorda, ní etíkun Texas níbí, ó dorí kọ wá. A ti pọn omi kún báàfù láti àṣálẹ́, pákó fẹ́ǹsì wa ń ṣí lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pá, pá, bí ẹni ń ya ìwé. Màmá mi pè. Wọ́n ní kí ló dé tí ohùn mi rí báyẹn. Mo ní ìjì ni, Mà.

"Ìjì? Ìjì lo torí ẹ̀ ò sùn?"

Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ tí mo lò ti já mi kulẹ̀. Ìjì tí wọ́n mọ̀ ni èyí tó ṣí páànù ṣọ́ọ̀ṣì níjọ́sí. Mo ní kì í ṣe irú ìyẹn Mà, eléyìí fẹ̀ tó láti Èkó dé Ìlọrin, rédíò ní ojú ẹ̀ ló ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa yìí. Wọ́n dákẹ́.

"Ìjì náà lójú?"

Mo ní ó lójú Mà. Wọ́n pariwo Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí n gbé àwọn ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti ń ṣàlàyé láti bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, "ojú" ló jẹ́ kó yé wọn.

Ìjì olójú. Ẹ fi wo àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà, ihò tó wà láàárín gbùngbùn yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó sábà máa ń fẹ̀ tó kìlómítà 30 sí 60, inú ẹ̀ sì máa ń pa rọ́rọ́. Kì í ṣe ẹwà lásán o, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní Miami lọ́dún 1926, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú náà ò mọ̀ pé ìjì máa ń lójú, nígbà tí ojú náà dé tí ibi gbogbo dákẹ́, wọ́n jáde síta, wọ́n rò pé ó ti tán, ni apá kejì bá dé, tó ń fẹ́ láti òdìkejì ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà wá, ó sì bá àwọn èèyàn nígboro. Ọmọ tó bá kọ́ "ìjì olójú" níwèé á bèèrè pé ojú ẹ̀ ńkọ́, tíṣà á ṣàlàyé, ó parí. Ògiri ìkùukùu tó yí ojú náà ká, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti burú jù, mo fẹ́ dábàá ìpéǹpéjú fún un, ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní olójú kòkòrò ńkọ́. Ó kúkú bá a mu, ohun tó kó òrùlé tó tún kó mọ́tò. Ẹlòmíràn á ní àwọn kan ò tíì lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀ náà! Bí afẹ́fẹ́ ẹ̀ bá ti tó kìlómítà 63 ní wákàtí kan, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, Beryl, Katrina, bí ọmọ tuntun. Ìyẹn ni tropical storm, ìjì òkun ló tó fún un. Bó bá di 119, ó ti di hurricane, ìgbà yẹn náà ni ojú ẹ̀ sábà máa ń là, ká ní ìjì náà ti lajú. Mo mọ̀ pé lajú ní ìtumọ̀ mìíràn, ìyẹn ló tiẹ̀ jẹ́ kó dùn létí. Èyí tí ò tíì tó 63, mi ò rí orúkọ fún un, ẹ bá mi wá a.

Ọ̀rọ̀ kejì, èyí tó le jù sí mi, ni storm surge. Àǹtí kan ní ká pè é ní omíyalé. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, omíyalé ni ti Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 1980, òjò rọ̀, odò kún, omi ya wọlé. Ti ìjì olójú yàtọ̀, òkun ni afẹ́fẹ́ tì gbáà, tó tì í gun orí ilẹ̀, kì í ṣe ìgbì tó ń wá tó ń padà, òkun fúnra ẹ̀ ló ga sókè. Àwọn rédíò Èkó tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ ẹ̀, gbogbo ìgbà tí òkun bá ru ni wọ́n ń pè ní ocean surge, bí ìgbà tí omi gbá àwọn èèyàn lọ ní Kúrámò lóṣù kẹjọ 2012, bẹ́ẹ̀ kò sí ìjì olójú kankan lórí Èkó. Òkun ru ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ wa tó kàn án wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ìjì tì wá, mo ní "òkun àtìwọ̀lú".

Omi yìí sì ni apààyàn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Galveston ò jìnnà sí wa, bíi wákàtí kan. Ní 1900, ibi tó ga jù nílùú náà ò pé mítà 3, òkun tí ìjì tì dé lé ní mítà 4, ó kéré tán èèyàn 6,000 ló kú. Ògiri tí wọ́n mọ sí etí òkun lẹ́yìn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo ti jókòó lórí ẹ̀ jẹ àgbàdo. Katrina ní 2005, ó lé ní mítà 8 láwọn ibì kan ní etíkun Mississippi. Ní 1970, níbi tó di Bangladesh lónìí, ó kéré tán 300,000, torí òkun ibẹ̀ ò jìn, etí ilẹ̀ sì ń fún omi pọ̀ bí ẹnu àrọ.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ọ̀gá wa kọ "ìpele 1 dé 5" tí wọ́n fi ń to agbára họ́ríkéènì sínú ìwé láìsọ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń ka ìpele yẹn nìyẹn o, kò ka omi. Harvey, 2017: nígbà tó fi ń rọ̀ lé wa lórí ní Houston, kò lójú mọ́, ó ti padà di ìjì òkun lásán, kò sí ní ìpele kankan. Òjò tó rọ̀ ní Nederland, ìlú kan ní Texas níbí, lé ní mìlímítà 1,500. Ọ̀gá mi níbiṣẹ́ ìgbà yẹn gbọ́ pé ó ti rọlẹ̀, wọ́n ní ká máa bọ̀ níṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló wá gbé èmi àti aládùúgbò mi jáde.

Beryl mú iná lọ nílé tó lé ní mílíọ̀nù 2, tiwa gba ọjọ́ márùn-ún, gbogbo ẹ̀fọ́ rírò inú firísà ni mo dà nù, ẹkún ń pọ̀n mí lójú. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti di oṣù kẹjọ, màmá mi kì í bèèrè họ́ríkéènì lọ́wọ́ mi, wọn kì í sì í bèèrè ìjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀kan tún wà lórí òkun, àtẹ̀jíṣẹ́ ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọn ò tiẹ̀ kí mi:

"Èyí tí wọ́n ní ó ń bọ̀ yẹn, ṣé ó ti lajú ni àbí kò tíì lajú?"