Ojú ìrán aṣọ iṣẹ́-abẹ: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ. Aṣọ àwọn dókítà oníṣẹ́-abẹ là ń rán ní Ìkòròdú, irú èyí tí wọ́n ń fọ̀ tún lò. Iwájú àti apá ni ẹ̀jẹ̀ ń ta sí jù, ibẹ̀ la fi aṣọ tí omi kì í wọ̀ sí. Ooru rẹ̀ kò kéré: òógùn á rin abẹ́ apá gbindin. A fi aṣọ fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn, ó tù wọ́n lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí abẹ́rẹ́ ń lu sí ojú ìrán ń jò. Téèpù tí a fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ dí i lóòótọ́, àmọ́ ó le gbagidi, ó ń ha wọ́n lábíyá, bí wọ́n bá sì sè é ní 121°C nínú autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò àrùn), etí rẹ̀ á ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè dí ojú ìrán náà kó sì ṣì rọ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn. A dúpẹ́ ṣáájú.